Owó Kì Í Ṣe Ẹlẹ́rìí: Roy Chicago Ọmọ Ìkàrẹ́ àti Ẹjọ́ Àwọn Afọnfèrè

Ẹjọ́ kan wà láàárín àwọn olùfẹ́ orin jáàsì tí ó ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi di àjogúnbá. Àwọn kan ní afọnfèrè sakisofóònù tí àwo rẹ̀ bá ń tà wàràwàrà ti ta iṣẹ́ ọnà rẹ̀ lọ́pọ̀. Pé ojúlówó afọnfèrè ni ẹni tí ènìyàn díẹ̀ ń gbọ́, tí kò sì rí já jẹ. Àwọn mìíràn dá wọn lóhùn pé ìlara ló ń bá wọn jà. Pé bí orin bá dára, ọjà ni yóò sọ, àti pé ẹni tí owó kò wá bá, fèrè ni kò mọ̀ ọ́n fọn. Ìhà méjèèjì ń bú ara wọn, ṣùgbọ́n ohun kan náà ni wọ́n jọ tẹjú mọ́: àpò afọnfèrè. Kò sí ẹni tí ó tẹ́tí sí fèrè nínú wọn.

Ìdájọ́ méjèèjì kùnà. Ẹni tí ó bá sì ń wá ẹ̀rí, kò pọn dandan kí ó kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí New York. Ẹ̀rí náà wà ní Ìkàrẹ́ Àkókó, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, nínú ìtàn ọmọ ìlú náà kan tí ó fọn fèrè títí tí àwọn ará Èkó àti Ìbàdàn fi jó jó jó, tí wọ́n sì tún yí padà kúrò lẹ́yìn rẹ̀.

Ní Ìkàrẹ́ ni a bí John Akíntọ́lá Adémúwàgún, ẹni tí àwọn olùfẹ́ híláìfù mọ̀ sí Roy Chicago. Sakisofóònù ni fèrè rẹ̀. Ìbàdàn ni iṣẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbinlẹ̀ ní àárín àwọn ọdún 1950, kí ó tó kó lọ sí Èkó, níbi tí òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀, Rhythm Dandies, ti di ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn ẹgbẹ́ híláìfù ìgbà náà. Ní àwọn ọdún 1960, orin rẹ̀ bíi "Onilegogoro", "Iyawo Pankeke" àti "Yoyo Gbe" wà lẹ́nu tọmọdé tàgbà. Ó ṣaláìsí ní ọdún 1989.

Ẹni tí ó bá fẹ́ dá a lẹ́bi kò ní ṣaláì rí ẹ̀sùn kà sí i lẹ́sẹ̀. Ẹ̀sùn àkọ́kọ́ ni pé olórin ijó ni. Inú òtẹ́ẹ̀lì ló ti ń ṣeré, níbi tí ènìyàn ti ń sanwó lẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n ń mu ọtí, tí wọ́n sì fẹ́ jó. Bí ojú agbo bá ti ṣófo, iṣẹ́ bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ̀sùn kejì ni pé àwo kékeré tí wọ́n ń gba orin sí nígbà náà kò gbà ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ. Afọnfèrè kò ráyè na ọwọ́ na ẹsẹ̀ bí ti àwọn akọni jáàsì ní Amẹ́ríkà. Ẹ̀sùn kẹta ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ Àkókó tí ó fi Akíntọ́lá sílẹ̀, tí ó wá ń jẹ́ Chicago, ìlú Amẹ́ríkà tí jáàsì ti rú ewé ní àwọn ọdún 1920, kí ló tún ń wá bí kò ṣe ọjà?

Ẹ̀sùn wọ̀nyí dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n etí kò tíì ṣiṣẹ́ nínú wọn. Ẹni tí ó ka orúkọ lára àwo rí Chicago. Ẹni tí ó gbé àwo náà sí orí ẹ̀rọ gbọ́ ìlù Yorùbá. Roy Chicago ni àwọn tí ó kọ ìtàn híláìfù máa ń dárúkọ bí ẹni tí ó mú ìlù tí ń fọhùn wọ inú ẹgbẹ́ híláìfù ńlá, láàárín sakisofóònù, tùrọ́ńpẹ́ẹ̀tì, jìtá àti ìlù òyìnbó. Orúkọ òkèèrè ló wà lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ ilé ló wà nínú yàrá.

Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ ohun tí èyí gbà. Ìlù tí ń fọhùn kì í kàn án dún. Ó ń sọ̀rọ̀. Ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ inú èdè Yorùbá ni awọ rẹ̀ ń tẹ̀ lé. Sakisofóònù ní tirẹ̀, ọmọ Bẹ́ljíọ̀mù kan, Adolphe Sax, ló ṣe é ní àwọn ọdún 1840. Ìpele ohùn tí àwọn òyìnbó tò sí orí dùùrù ni wọ́n fi ṣe ìwọ̀n rẹ̀. Bí a bá kó àwọn méjèèjì sí ojú kan láìronú, ariwo ni yóò jáde: fèrè yóò bo ọ̀rọ̀ ìlù mọ́lẹ̀, ìlù yóò sì da ìlà fèrè rú. Aṣáájú ẹgbẹ́ ní láti mọ ìgbà tí fèrè yóò dákẹ́ kí ìlù lè sọ gbólóhùn rẹ̀ tán, àti ìgbà tí fèrè yóò gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu ìlù kí ó sì gbé e lọ síwájú. Ìṣòro iṣẹ́ ọnà ni èyí, kì í ṣe ìṣòro owó. Àwọn ẹgbẹ́ tí kò ní ìlù tí ń fọhùn ń rí èrò nígbà náà. Ẹni tí owó nìkan ń wá kò nílò láti lọ wá wàhálà kún wàhálà. Roy Chicago wá a, ó rí i yanjú, àwo náà sì tà. Ọwọ́ kan náà ló ṣe iṣẹ́ ọnà tí ó sì gba owó.

Nígbà tí ó yá, ọjà yí padà. Ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1967, ó sì parí ní ọdún 1970. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn olórin híláìfù ní Èkó jẹ́ ọmọ Ìlà-oòrùn. Wọ́n padà sílé, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ sì tú ká. Nígbà tí ìbọn dákẹ́, orin jùjú ti gba ojúde ní ilẹ̀ Yorùbá. Ebenezer Obey àti Sunny Adé ni àwọn ọlọ́lá ń pè sí òde àríyá. Jìtá gba ipò iwájú. Àwọn fèrè ńláńlá di ohun tí ó wọ́n. Òkìkí Roy Chicago àti ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rọlẹ̀.

Ibí yìí ni ẹjọ́ ìhà méjèèjì ti dé ògiri. Bí owó bá jẹ́ ẹ̀rí pé orin dára, a jẹ́ pé "Onilegogoro" dára ní ọdún 1965, ó sì di òfo ní ọdún 1971, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan ohùn kan nínú rẹ̀. Bí owó bá sì jẹ́ àbàwọ́n, a jẹ́ pé orin náà rí ìdáríjì ẹ̀ṣẹ̀ gbà lọ́jọ́ tí wọn kò rà á mọ́. Ta ni yóò gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́? Àwo náà kò yí padà. Ogun ló yí ìlú padà, ìlú sì yí ọjà padà. Kò sí ọjà tí ń kún tí kì í tú. Ẹni tí ó bá fi ìkún ọjà tàbí títú rẹ̀ ṣe òṣùwọ̀n aṣọ, kò tíì fọwọ́ kan aṣọ náà.

Ohun ìyanu ni pé ọmọ Yorùbá yẹ kí ó mọ èyí ṣáájú gbogbo ènìyàn. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni ìran Àyàn ti ń lu ìlù, ojúde gbangba sì ni wọ́n ti ń gba owó wọn. Wọ́n ń lẹ owó mọ́ wọn níwájú orí, gbogbo ayé ń wò. Kò sí àgbàlagbà kan tí ó sọ rí pé nítorí pé àyàn gba owó, kò mọ ìlù í lù. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó sọ pé nítorí pé owó rẹ̀ pọ̀, ó mọ̀ ọ́n ju baba rẹ̀ lọ. Ohun tí wọ́n fi ń dá àyàn lẹ́jọ́ mìíràn pátápátá ni. Ṣé ó mọ oríkì ìdílé tí ó dúró níwájú rẹ̀? Ṣé ó mọ ibi tí ó yẹ kí ó dá ọ̀rọ̀ dúró? Àbí ó gbé oríkì ìdílé kan, ó fi kí òmíràn, nítorí pé ọwọ́ ẹni yẹn ń wọ àpò? Èyí ìkẹyìn yìí ni ẹ̀ṣẹ̀. Owó kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀. Irọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀. Láti ibo wá ni ọmọ ìran tí ó ní irú òṣùwọ̀n yìí nílé ti kọ́ pé afọnfèrè tí ó bá rí jẹ ti ba iṣẹ́ jẹ́?

Ó kọ́ ọ lọ́dọ̀ àwọn tí ń ka ìtàn jáàsì láàbọ̀. Bí wọ́n bá kà á tán, ìtàn náà fúnra rẹ̀ yóò jẹ́rìí takò wọ́n. Ní ọdún 1949, Charlie Parker, tí gbogbo afọnfèrè ayé ń júbà, fọn fèrè pẹ̀lú àwọn olókùn onígòjé bí ti ilé eré òyìnbó. Àwọn kan pariwo pé ó ti ta ara rẹ̀. Títí di òní, àwọn tí ó mọ fèrè ṣì ń fi "Just Friends" inú àwo náà kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ní ọdún 1961, John Coltrane gbé orin kan jáde tí ó mú láti inú eré orí ìtàgé The Sound of Music, eré tí ọ̀pọ̀ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ní Nàìjíríà mọ̀ nínú fíìmù. Orin náà, "My Favorite Things", lé ní ìṣẹ́jú mẹ́tàlá, ó sì tà dáadáa. Ọkùnrin kan náà gbé "Ascension" jáde ní ọdún 1966, ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ti ń tẹ̀ lé e sì di etí wọn. Coltrane tí wọ́n rà àti Coltrane tí wọ́n sá fún, ènìyàn kan ni. Èwo nínú wọn ni àpò yóò sọ pé òun ni ojúlówó?

Ní ilẹ̀ Áfíríkà, ẹ wo Manu Dibango, ọmọ Kamẹrúùnù. Ní ọdún 1972 ó ṣe orin kan fún ìdíje bọ́ọ̀lù ife ẹ̀yẹ Áfíríkà tí wọ́n gbà ní orílẹ̀-èdè rẹ̀. Ẹ̀yìn àwo náà ni ó fi "Soul Makossa" sí. Ẹ̀yìn àwo ni ayé yàn. Ó gba Amẹ́ríkà kan, débi pé Michael Jackson mú ègbè rẹ̀ lò nínú orin rẹ̀ ní ọdún 1982, tí Dibango fi ní láti wá ẹ̀tọ́ rẹ̀ lọ sí ilé ẹjọ́. Bí olórin fúnra rẹ̀ kò bá mọ ojú tí ọjà yóò yàn nínú àwo rẹ̀, báwo ni ọjà ṣe wá di ẹ̀rí ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀ nígbà tí ó ń fọn fèrè?

Wọn yóò wá dárúkọ Kenny G. Àwo rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 1992, "Breathless", tà ju mílíọ̀nù 12 lọ ní Amẹ́ríkà nìkan, orúkọ rẹ̀ sì di èébú lẹ́nu àwọn olùfẹ́ jáàsì. Ṣùgbọ́n kí ẹni tí ó bá fẹ́ dájọ́ wo bí ẹ̀sùn tí ó gbóná jù lọ ṣe lọ. Ní ọdún 2000, Pat Metheny, tí òun náà jẹ́ olórin tí àwo rẹ̀ ń tà, bínú sí i gidigidi. Ohun tí ó mú inú bí i jù ni pé Kenny G gbé ohùn Louis Armstrong, ẹni tí ó ti kú láti ọdún 1971, ó sì fọn fèrè tirẹ̀ lé e lórí. Armstrong kò lè dá a lóhùn; kò lè yí orin padà láti fún un láyè; kò lè sọ pé rárá. Kò sí ìfọ̀rọ̀wérọ̀ níbẹ̀. Ènìyàn lè gba ẹ̀sùn náà tàbí kí ó kọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ohun tí ó wà nínú orin ló dá lé, kì í ṣe iye tí ó wà ní báǹkì. Irú ẹ̀sùn tí ó yẹ iṣẹ́ ọnà nìyẹn.

Bí a bá padà sílé, ìtàn Fẹlá Aníkúlápó-Kútì fi kókó náà hàn dáadáa. Nígbà tí ó ti ilé-ẹ̀kọ́ orin Trinity ní London dé ní ọdún 1963, ó tún Koola Lobitos tò, ó sì pe orin wọn ní híláìfù jáàsì. Àwọn tí ó mọ orin yìn ín. Èrò kò pọ̀ níbẹ̀. Tùrọ́ńpẹ́ẹ̀tì ló ń fọn nígbà náà. Lẹ́yìn ìrìn àjò rẹ̀ sí Amẹ́ríkà ní ọdún 1969, ó tún orin rẹ̀ tò láti ìpìlẹ̀, ó kọ ọ́ ní èdè tí ọmọ ọjà gbọ́, gbogbo ìlú sì tú jáde. Nígbà tí Igo Chico tí ń fọn sakisofóònù fún un fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1973, Fẹlá gbé fèrè náà fúnra rẹ̀. Ìka rẹ̀ lórí sakisofóònù kò yá tó ti àwọn kan nínú àwọn tí ó gbà síṣẹ́. Ṣé ó wá ta ara rẹ̀ ni? Ọkùnrin kan náà ń gba orin tí ó gùn tó odindi ojú àwo kan, tí rédíò kò rọrùn fún láti gbé sáfẹ́fẹ́; orin tí ó bá sì ti wọ inú àwo, kì í fẹ́ ṣe é mọ́ níwájú èrò, bí èrò tilẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́. Ó gbà fún àwọn olùgbọ́ níbi tí gbígbà ti mú orin rẹ̀ lókun, ó sì kọ̀ fún wọn níbi tí gbígbà ìbá ti sọ ọ́ di ẹrú. Mímọ ìyàtọ̀ láàárín ibi méjèèjì, òun gan-an ni ìwà ọmọlúwàbí nínú iṣẹ́ ọnà.

Orlando Julius Ekemode, tí a bí ní Ìkọ̀lé-Èkìtì ní ọdún 1943, kò jìnnà sí Àkókó. Sakisofóònù ni ti òun náà. Àwo rẹ̀ "Super Afro Soul" jáde ní ọdún 1966. Ní ọdún 2014, nígbà tí ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, òun àti ẹgbẹ́ The Heliocentrics ti London gbé "Jaiyede Afro" jáde, àwọn ọmọ òyìnbó tí a kò tíì bí ní ọdún 1966 sì ń tò láti gbọ́ ọ. Ó kú ní ọdún 2022. Ọjà kan gbé e, ọjà kan gbàgbé rẹ̀, ọjà mìíràn tún wá a kàn. Fèrè náà wà lẹ́nu rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Lágbájá, ẹni tí ó fi aṣọ bojú, to sakisofóònù àti àwọn ìlù ilẹ̀ Yorùbá pọ̀ bákan náà, òkìkí "Konko Below" sì kàn ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000. Ọ̀nà tí Lágbájá tọ̀, ọmọ Ìkàrẹ́ ti ro ó ní nǹkan bí ogójì ọdún ṣáájú.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn òkú nìkan. Ní Ìkàrẹ́ àti ní Ọ̀kà lónìí, sakisofóònù kò ṣàjèjì mọ́. Ó ń dún nínú ìsìn ọjọ́ Àìkú, ó ń dún níbi ìkórè, níbi ìgbéyàwó àti níbi ìsìnkú àgbà tí àwọn ọmọ ti Èkó àti Àbújá wá ṣe. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama tí ó kọ́ fèrè nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ lè bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó kí ó tó pé ogún ọdún. Ohùn méjì ni yóò sì máa pè é. Ọ̀kan yóò sọ fún un pé kí ó ra ẹ̀rọ gbohùngbohùn, kí ó kó orin tí ẹlòmíràn ti gbà sílẹ̀ sínú fóònù, kí ó máa fọn ohùn orin tí ó bá lòde lé e lórí, owó yóò wọlé. Èkejì yóò sọ fún un pé ìtìjú ni gbogbo ìyẹn. Pé àfi kí ó fọn bí àwọn ará Amẹ́ríkà, kí ó má sì ka àwọn ará ìlú rẹ̀ tí wọ́n fẹ́ jó kún nǹkan kan.

Ìmọ̀ràn méjèèjì yóò pa ọmọ náà lára. Àkọ́kọ́ yóò sọ ọ́ di ẹni tí a lè fi ẹnikẹ́ni rọ́pò. Bí ó bá jẹ́ orin kan náà, lórí ìlù kan náà tí ẹ̀rọ ń lù, ló ń fọn níbi ìsìnkú ní Ọ̀kà àti níbi ìgbéyàwó ní Ìkàrẹ́, kí ló mú wá tí kò sí nínú fóònù tẹ́lẹ̀? Àléébù rẹ̀ kì í ṣe pé ó gba owó. Àléébù rẹ̀ ni pé kò gbọ́ ẹnikẹ́ni nígbà tí ó ń fọn, ẹ̀rọ tí ó ń bá ṣeré kò sì lè gbọ́ òun náà. Ohun tí wọ́n bá Kenny G wí lé lórí náà nìyẹn, ní ìwọ̀n kékeré. Ìmọ̀ràn kejì yóò sọ ọmọ náà di àlejò nílùú baba rẹ̀. Yóò kọ́ ohun tí Parker ṣe, ṣùgbọ́n kò ní kọ́ ìdí tí Parker fi ṣe é: Parker mú orin tí àwọn ènìyàn rẹ̀ ń gbọ́, ó sì sọ ohun tuntun nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ tẹ̀ lé e ní Àkókó ní láti mú orin tí Àkókó ń gbọ́.

Nítorí náà, kí olùkọ́ tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá wá bá má ṣe sọ̀rọ̀ owó fún un, yálà ní rere tàbí ní búburú. Ìbéèrè mẹ́ta ni kí ó bi í. Kí ni ìwọ mú wá sínú orin yìí tí kò sí níbẹ̀ kí o tó dé? Bí owó bá kúrò níbẹ̀ lọ́la, kí ni yóò ṣẹ́kù tí ìwọ yóò ṣì fẹ́ láti fọn? Àwọn tí o ń fọn fèrè fún, ǹjẹ́ wọ́n gbọ́ ara wọn nínú rẹ̀? Roy Chicago ní ìdáhùn sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó mú ìlù tí ń fọhùn wá. Owó kúrò, orin ṣẹ́kù. Àwọn tí ó gbọ́ ọ gbọ́ èdè wọn, àwàdà wọn àti ìlù wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun èlò tí ó ti ilẹ̀ òkèèrè wá.

Ó ku ohun kan tí ó burú ju àríyànjiyàn lọ, òun ni ìgbàgbé. Kí olùkọ́ ìwé Yorùbá kan ní Ìkàrẹ́ tàbí ní Ọ̀kà wọ kíláàsì lọ́la, kí ó béèrè ta ni Roy Chicago. Kí ó ka iye ọwọ́ tí yóò gòkè. Kí ó tún béèrè ta ni Kenny G, kí ó sì fi iye méjèèjì wé ara wọn. Bí ti àkọ́kọ́ bá kéré, kì í ṣe ẹ̀bi àwọn ọmọ. Àwọn àgbà tí ń pín orin sí "èyí tí ó tà" àti "èyí tí ó jinlẹ̀" ló kó o dà nù: àwọn kan nítorí pé kò tà mọ́, àwọn yòókù nítorí pé ó ti tà rí. Báyìí ni àwọn alátakò méjì ṣe pawọ́ pọ̀ sin iṣẹ́ ọkùnrin kan láìmọ̀.

Ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe kò ṣòro. Yunifásítì Adékúnlé Ajásin wà ní Àkùngbá, láàárín ìlú méjèèjì. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama wà káàkiri. Àwọn àgbà tí wọ́n jó sí orin náà ní àwọn ọdún 1960 ṣì wà láàyè níbòmíràn, ṣùgbọ́n wọn kò ní wà títí. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ bá wọn, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n rántí sílẹ̀. Kí olùkọ́ gbé "Onilegogoro" sí etí kíláàsì, kí ó ní kí wọ́n ka iye ìgbà tí fèrè dákẹ́ fún ìlù. Kí ọmọ tí ó ní sakisofóònù nílé gbìyànjú láti bá onílù gidi kan ṣeré, kí ó lè mọ bí ó ṣe le tó. Lẹ́yìn náà, bí wọ́n bá fẹ́, kí wọ́n wá sọ fún un pé orin ijó lásán ni.

A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Ilé ni orin yìí jẹ́ fún Ìkàrẹ́, fún Ọ̀kà àti fún gbogbo Àkókó. Ẹni tí ó bá fẹ́ dájọ́ afọnfèrè, kí ó kọ́kọ́ gbọ́ fèrè rẹ̀. Owó lè wà níbẹ̀, ó sì lè má sí níbẹ̀. Òun kọ́ la pè wá jẹ́rìí.